Ìkìlọ̀: Ẹ má ra FL Studio "títí ayé" tí wọ́n ń tà lórí WhatsApp

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe bíìtì nínú yàrá yín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba ohùn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra lápútọ́ọ̀pù tẹ́ ẹ ń wá sọ́fítíwíà tẹ́ ẹ máa fi ṣiṣẹ́, ẹ dákun ẹ gbọ́. Àwọn kan ń polówó FL Studio, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ṣe orin, pé "FL Studio All Plugins, láísẹ́ńsì títí ayé" lórí WhatsApp àti Telegram ní ₦15,000, nígbà míì ní ₦10,000 tẹ́ ẹ bá ná an dáadáa. Jìbìtì ni. Ẹ má san kọ́bọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọ́n á fi fídíò ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tiwọn hàn yín, wọ́n á kó "ẹ̀rí" àwọn tó ti rà á jọ, wọ́n á ní ẹ̀dínwó ń parí lónìí. Tówó bá ti wọlé, línkì dé. Inú zip (àpò fáìlì) tó ní ọ̀rọ̀ aṣínà ni fáìlì náà máa ń wà, torí pé antivirus, sọ́fítíwíà tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà, kì í rí inú zip tí wọ́n bá tì pa. Wọ́n á wá ní kẹ́ ẹ pa antivirus náà, pé "ó kàn ń da iṣẹ́ rú ni". Níbi tí mo bá ti gbọ́ ìyẹn, èmi ò tún béèrè ohunkóhun mọ́. Àwọn míì á ní kẹ́ ẹ ṣí AnyDesk, tí ẹlòmíì lè fi darí kọ̀ǹpútà yín láti ọ̀nà jíjìn, fáwọn, káwọn lè bá yín fi í sí i láti ọ̀dọ̀ tiwọn. Ẹni tẹ́ ò rí rí ló wà nínú kọ̀ǹpútà yín yẹn, pẹ̀lú ìméèlì yín tó ṣí sílẹ̀.

Ọmọkùnrin kan tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ohun tó rà kúkú ṣiṣẹ́. Ó fi ṣe orin. Kò pẹ́ tí Instagram rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í polówó Bitcoin fáwọn ojúlùmọ̀ rẹ̀, tí orúkọ gbogbo fáìlì WAV rẹ̀ yí pa dà tí wọn ò ṣeé ṣí mọ́, tí ìwé kan lórí kọ̀ǹpútà náà sì ń béèrè dọ́là lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ransomware (sọ́fítíwíà burúkú tó ń ti fáìlì èèyàn pa kó lè gbowó) tí wọ́n ń pè ní STOP, tàbí Djvu, ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn, inú ẹ̀dà kíráàkì, ìyẹn èyí tí wọ́n já ààbò rẹ̀ kí wọ́n má bàa sanwó, ló sì máa ń gbà wọlé. Nígbà yẹn, ẹni tó tà á fún un ti bílọ́ọ̀kì rẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí wọ́n máa rí èèyàn mú ni pé òótọ́ wà nínú "títí ayé" yẹn. Ilé iṣẹ́ Image-Line ní Belgium, tó gbé FruityLoops jáde ní 1997 tó sì sọ ọ́ di FL Studio ní 2003, kì í gba owó ẹ̀dà tuntun lọ́wọ́ ẹni tó bá ti rà á. Ẹ san án lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Ṣùgbọ́n inú àkáǹtì tẹ́ ẹ fi ìméèlì ara yín ṣí lọ́dọ̀ wọn ni láísẹ́ńsì náà máa ń wà. Ẹ bi ẹni tó ń tà á pé: "Ṣé màá rí i nínú àkáǹtì Image-Line mi?" Kẹ́ ẹ wá wo bó ṣe máa bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọ̀rọ̀ po.

Èyí tó bí mi nínú jù ni tàwọn tí ò tiẹ̀ ní kíráàkì kankan. Ẹ̀dà ìdánwò tí Image-Line fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń tà. Ẹ̀dà yẹn kò ní gbèdéke ọjọ́, ẹ lè fi gbé orin jáde ní WAV àti MP3. Ohun tí kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ ṣe ni kẹ́ ẹ tún ṣí iṣẹ́ tẹ́ ẹ ti tọ́jú. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ rà á, kò síṣòro. Tó bá dọjọ́ kejì, iṣẹ́ àná ò ṣí, nọ́ńbà ẹni tó tà á ò sì lọ mọ́.

Àwọn tó ń ta Audacity, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀, ní ₦5,000 ńkọ́? Omi ni wọ́n ń tà fún ẹni tó jókòó sétí odò. Láti 2000 tí Audacity ti jáde, ọ̀fẹ́ ni, audacityteam.org ni kẹ́ ẹ ti gbà á. Tó bá jẹ́ ìwàásù tàbí ewì lẹ ń gbà sílẹ̀, tẹ́ ẹ kàn fẹ́ gé e kẹ́ ẹ sì dín ariwo jẹnẹrétọ̀ kù, ó tó yín. Ọ̀fẹ́ ni LMMS náà fún bíìtì.

Sọ́fítíwíà Reaper lèmi máa ń júwe fún ẹni tó ń gba ohùn akọrin púpọ̀. Cockos tó ni ín fún yín ní ọjọ́ 60 kẹ́ ẹ fi dán gbogbo rẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà, dọ́là 60 ni fún ẹni tí kò fi pa ju dọ́là 20,000 lọ lọ́dún. Tó bá sì jẹ́ FL Studio lẹ fẹ́ rà ní tòótọ́, ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀dà tó ń jẹ́ Fruity. Òun ló pọ́ọ́kú jù, àmọ́ kì í gba ohùn sílẹ̀. Ẹ̀dà Producer lẹ máa rà tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọrin sí i.

Mo mọ ohun tó ń ti èèyàn sọ́dọ̀ wọn: dọ́là wọ́n, káàdì náírà sì lè kọ̀. Tẹ́ ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ nílùú òyìnbó, ẹ fúnra yín wọlé sí àkáǹtì yín, kí onítọ̀hún fi káàdì rẹ̀ sanwó níbẹ̀. Ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní òun á rà á sínú àkáǹtì òun, kóun wá fún yín ní ọ̀rọ̀ aṣínà. Ọjọ́ tó bá yí i pa dà, ó tán.

Ẹni tó bá ti fi ayédèrú yìí sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, kó yọ íntánẹ́ẹ̀tì báyìí. Ẹ mú fóònù, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi yí ọ̀rọ̀ aṣínà ìméèlì yín pa dà, kó tó kan Instagram àti ti báǹkì. Ẹ yọ gbogbo kọ̀ǹpútà tó so mọ́ WhatsApp yín. Ẹ da WAV àti MP3 yín sórí fláàṣì, ẹ má fi fáìlì exe (èyí tó ń gbé sọ́fítíwíà ṣiṣẹ́) kankan sí i, kẹ́ ẹ tó ní kí wọ́n fọ́ọ̀mátì kọ̀ǹpútà náà. Ẹ má sì pa ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá oníjìbìtì náà sọ rẹ́: báǹkì yín máa béèrè rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà àkáǹtì tẹ́ ẹ sanwó sí.