Chip tàbí àkàtán: èwo ni ká fowó rà nínú àyẹ̀wò DNA?

Páálí méjèèjì jọra bí ìbejì. Ẹ ó ṣí i, ẹ ó bá túùbù oníke kan níbẹ̀, oje díẹ̀ tí kì í jẹ́ kí itọ́ bàjẹ́, àpò tí ẹ ó fi dá a padà, àti ìwé pélébé tó ń kìlọ̀ pé ẹ ò gbọdọ̀ jẹ, ẹ ò sì gbọdọ̀ mu fún 30 ìṣẹ́jú kí ẹ tó tutọ́ sí i. Mo ti tutọ́ sínú méjèèjì. Àkọ́kọ́ jẹ́ ti chip, ìyẹn awo kékeré tó ń wo àwọn ibì kan péré nínú DNA. Ìkejì jẹ́ ti kíka DNA láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, èyí tí mo máa pè ní àkàtán kí ẹnu má baà wúwo. Owó àkàtán ju ti chip lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, n ò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n tí mo bá ṣírò gbogbo ohun tí chip olówó pọ́ọ́kú yẹn kó mi sí, n ò mọ èwo ló wọ́n jù mọ́.

Iye ìròyìn ìlera tí wọ́n ṣèlérí àti máàpù aláràbarà tí wọ́n yà sára páálí, ẹ lè rí gbogbo ìyẹn lórí ìkànnì wọn. N ò ní tún un kọ.

Kí ni wọ́n ń kà gan-an?

Ẹ jẹ́ ká sọ pé DNA jẹ́ ìwé tí wọ́n fi lẹ́tà mẹ́rin péré kọ: A, C, G àti T. Lẹ́tà inú rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù mẹ́ta, ẹ̀dà méjì ni olúkúlùkù wa sì gbà, ọ̀kan lọ́dọ̀ bàbá, ọ̀kan lọ́dọ̀ ìyá. Tí a bá gbé ìwé tèmi àti tiyín síra, ibi púpọ̀ jù lọ ló máa bára mu. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ọ̀rọ̀ wà, lẹ́tà kan ṣoṣo sì tó láti da nǹkan rú. Àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde, lẹ́tà kan ló fà á. Nínú HBB, ọ̀kan lára àwọn jíìnì wa (ìyẹn àwọn ìpínrọ̀ inú ìwé yìí tó ń darí iṣẹ́ ara), níbi tó yẹ kí GAG wà, GTG ló wà níbẹ̀. A di T, èròjà kan nínú hemoglobin, ohun tó ń gbé afẹ́fẹ́ kiri nínú ẹ̀jẹ̀, sì ti ibẹ̀ yí padà. Ẹni tó bá jogún irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ méjì, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀ á máa tẹ̀ bíi dòjé.

Chip kì í ka ìwé yìí. Ojú ewé tí wọ́n ti fàmì sí ṣáájú ló máa ń ṣí, ó wo lẹ́tà kan níbẹ̀, ó pa á dé. Ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké tí ojú lásán ò lè rí ló kún orí rẹ̀, okùn DNA tó gùn tó 50 lẹ́tà sì so mọ́ ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan. DNA yín á lẹ̀ mọ́ okùn tó bá a mu, wọ́n á fi lẹ́tà kan kún un, lẹ́tà náà á tàn ní àwọ̀ tirẹ̀, kámẹ́rà á sì yà á. Ibi tí chip ń wò báyìí máa ń tó 600,000 sí 700,000. Ó pọ̀ létí, àbí? Nínú bílíọ̀nù mẹ́ta, kò tó lẹ́tà kan nínú 4,000.

Ní ti àkàtán, wọ́n á fọ́ DNA sí wẹ́wẹ́, wọ́n á ka nǹkan bí 150 lẹ́tà ní orí àti ní ìdí ègé kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà á wá tò wọ́n padà sí àyè wọn lórí ẹ̀dà kan tí gbogbo onímọ̀ ń lò bí òṣùwọ̀n. Torí pé àwọn ègé náà ń gorí ara wọn, wọ́n á ka lẹ́tà kan náà léraléra. Tí ẹ bá rí 30x lára páálí, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé tí a bá pín in dọ́gba, ìgbà 30 ni wọ́n ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1990, tí wọ́n kéde ìparí rẹ̀ ní 2003, tí nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 rẹ̀ ṣì ṣófo títí di 2022, òun ni ẹ̀rọ ń ṣe fún ẹnì kan ṣoṣo báyìí láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Ibi tó ti dùn mí

Nígbà tí èsì chip dé, ìran mi ni mo kọ́kọ́ wò. Mo rẹ́rìn-ín, ó tán. Ọwọ́ mi ni ò gbélé. Ilé-iṣẹ́ náà gbà kéèyàn mú fáìlì tútù rẹ̀, ìyẹn èyí tí wọn ò tíì sè, sórí kọ̀ǹpútà. Ìwé gbọọrọ kan ni, ìlà lórí ìlà: nọ́ńbà, krómósóòmù (ìyẹn ìdìpọ̀ tí DNA pín sí), ipò, lẹ́tà méjì. Mo rí ìkànnì kan tó ní òun á bá mi fi wé àkójọ àwọn àyípadà tó ń fa àìsàn. Mo gbé e fún wọn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo bá ìlà pupa kan: krómósóòmù 13, jíìnì BRCA2, DI.

Ìyẹn ni pé ẹ̀dà kan pé, ẹ̀dà kejì ti já lẹ́tà sílẹ̀. Tí BRCA2 bá bàjẹ́ lóòótọ́, ewu jẹjẹrẹ ọmú, ti ilé-ẹyin àti ti próstéètì máa ń ga. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ibẹ̀ sì ni mo ti ṣi ẹsẹ̀ gbé.

Ó ní, "Ṣé ó dá ẹ lójú?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rọ ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ó dákẹ́, ó pẹ́ kó tó ní, "Èmi náà ńkọ́?"

Láti ọjọ́ náà, oorun dá lójú àwa méjèèjì. Mo sanwó rí olùdámọ̀ràn nípa jíìnì, mo sanwó fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ọ̀nà Sanger ṣe, èyí tó ń ka ibi kan ṣoṣo náà ní àkàyé. A retí èsì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọjọ́ tó dé, dókítà yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí mi. Àwọn òkè ṣóńṣó-ṣóńṣó aláwọ̀ mẹ́rin ló wà lójú rẹ̀, ọ̀kan ń tẹ̀lé èkejì. Ó ní ká ní ẹ̀dà kan ti já lẹ́tà sílẹ̀ ni, láti ibi tó ti já ni àwọn òkè náà á ti máa gun ara wọn, tí ojú ò ní lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́. Tèmi tò lọ lọ́kọ̀ọ̀kan títí dé òpin, ó mọ́ roro. Kò sóhun tó já. Ohun tí mo ná lórí ìlà pupa yẹn ti ju owó àkàtán lọ.

Mo bínú sí ìkànnì náà, ṣùgbọ́n ẹ̀bi tirẹ̀ nìkan kọ́. Ẹ̀rọ chip kì í rí lẹ́tà, ìmọ́lẹ̀ ló ń rí. Yóò kó ìmọ́lẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn jọ, yóò wò ó bí wọ́n ṣe pín sí agbo mẹ́ta: àwọn tí ẹ̀dà wọn méjèèjì rí báyìí, àwọn tí tiwọn rí bí òdìkejì, àti àwọn tó ní ọ̀kan-ọ̀kan. Tí agbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kún, ó rọrùn láti mọ èyí tí ẹ wà. Àyípadà tó jẹ́ pé èèyàn kan nínú 100,000 ló ń gbé e ńkọ́? Ta ló máa wà nínú agbo rẹ̀? Àgbàlá ṣófo ni. Tí ìmọ́lẹ̀ tiyín bá kàn yà díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, bóyá torí pé DNA tó wà nínú itọ́ yín kò pọ̀ tó, ẹ̀rọ á ní ẹ̀yin lẹ dúró nínú àgbàlá náà.

Ní 2021, ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ lórí àwọn èèyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 50,000 nínú UK Biobank (àkójọ ìsọfúnni ìlera àti DNA àwọn ará Britain), àwọn tí wọ́n ṣe chip fún tí wọ́n sì tún ka DNA wọn lọ́nà kejì. Nínú àwọn àyípadà tí kò tó ẹnì kan nínú 100,000 tó ní in, ìdá 16 péré nínú 100 ohun tí chip pè ló jẹ́ òótọ́. Ìyókù, àlá ni. Ní 2018, láàbù kan tún àwọn àyípadà tí èèyàn 49 rí nínú fáìlì tútù wọn yẹ̀ wò, ìdá 40 nínú 100 ni kò sí níbẹ̀ rárá. Ká ní mo ti ka ìwádìí méjèèjì kí n tó pe ẹ̀gbọ́n mi ni!

Ó tún ní apá kejì, tí mo rò pé ó burú jù. Ní oṣù kẹta ọdún 2018, FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, fún 23andMe, ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta àyẹ̀wò chip, láyè láti máa sọ fún àwọn oníbàárà nípa àyípadà mẹ́ta nínú BRCA2 àti BRCA1 tó jọ ọ́. Mẹ́ta, nígbà tí àwọn tí a mọ̀ lé ní 1,000. Àwọn Júù Ashkenazi, ìyẹn àwọn Júù tí baba ńlá wọn gbé ní Yúróòpù, sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ́pọ̀ láàárín wọn. Ẹni tí kì í ṣe ara wọn, tó wá rí "a ò rí nǹkan kan" lójú èsì, tó fọkàn balẹ̀, kí ló fọkàn balẹ̀ lé?

Nígbà tí àkàtán mi dé, ibẹ̀ yẹn ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo ṣí fáìlì náà, mo wá krómósóòmù 13, mo sọ̀ kalẹ̀ dé ipò tó fún mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìgbà 34 ni wọ́n kà á. Mo ka àwọn ìlà eérú tó tò sójú rẹ̀ (ìlà kan fún ìgbà kan tí wọ́n kà á) lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó já nínú wọn. Ohun tí mo fẹ́ràn nìyẹn: tí ẹ̀dà kan bá ti bàjẹ́ lóòótọ́, bí ìdajì nínú àwọn ìlà náà ló máa fi hàn. Tó bá jẹ́ méjì nínú 34, ẹ ti mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀rọ ló ṣi lẹ́tà kà. Ẹ̀yin fúnra yín lè rí ẹ̀rí. Chip kì í fi ẹ̀rí han ẹnikẹ́ni, lẹ́tà méjì péré ló máa sọ sí yín lọ́wọ́. Síbẹ̀, ẹ má torí èsì èyíkéyìí nínú méjèèjì gé nǹkan kan lára yín, kí ẹ sì má fi oògùn sílẹ̀, kí láàbù ilé ìwòsàn tó tún un wò.

Àwọn ìyókù, ní kíákíá

Wíwá ẹbí: chip ló gbayì níbí, mo gbà. Àwọn mọ̀lẹ́bí máa ń pín ègé DNA gígùn-gígùn, àmì 600,000 sì ti tó láti rí i. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀dọ̀ àwọn oníchip ni ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù èèyàn wà, àwọn tó tóbi jù nínú wọn kì í sì í gba fáìlì tí ẹ mú wá láti ìta.

Ìdá ìran: kò sí èyí tó sàn jù. Àwọn tí wọ́n fi yín wé ló ń pinnu èsì, àwọn ará Yúróòpù ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Fáìlì: ti chip kò wúwo, ó lè wọ inú ímeèlì. Ti àkàtán lè tó 100 gígábáìtì, ẹ ra háàdì dísìkì sílẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n máa kó FASTQ (àwọn ègé tútù), BAM (àwọn ègé tí wọ́n ti tò sáyè wọn) àti VCF (àkójọ ibi tí ẹ ti yàtọ̀ sí ẹ̀dà òṣùwọ̀n) fún yín láìgba owó mìíràn.

Ohun tí àwọn méjèèjì ò rí dáadáa: àwọn ibi tí lẹ́tà ti ń tún ara wọn wí, irú CAG-CAG-CAG tó ń fa àrùn Huntington, àrùn ọpọlọ tó ń tẹ̀lé ìdílé. Ègé 150 lẹ́tà kì í fìgbà gbogbo gùn tó láti la ibẹ̀ já.

Àṣírí: méjèèjì ló léwu. Páásíwọ́ọ̀dù ṣeé pààrọ̀, DNA kò ṣeé pààrọ̀. Ní 2023, àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì rí ìsọfúnni nǹkan bí mílíọ̀nù 6.9 oníbàárà 23andMe, ní oṣù kẹta ọdún 2025 ilé-iṣẹ́ náà sì lọ sí kóòtù pé gbèsè ti wọ òun lọ́rùn. (Ọ̀dọ̀ wọn kọ́ ni mo ti ra tèmi.)

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ dúró lé díẹ̀, torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú èmi náà. Àwọn kan ń ta "whole genome" ní owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti chip dọ́gba. Ẹ wò ó dáadáa, 0.5x tàbí 1x ló máa wà ní ìsàlẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà wínníwínní. Ní 1x, àwọn ibì kan á wà tí wọ́n kà lẹ́ẹ̀kan, àwọn ibì kan tí wọ́n kà lẹ́ẹ̀mejì, àwọn tó pọ̀ gan-an ni wọn ò sì ní fojú kàn rárá. Kọ̀ǹpútà ló ń méfò ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀, tó ń fi DNA àwọn ẹlòmíì dí àlàfo. Ó dára fún ìran àti ẹbí. Fún àyípadà tó ṣọ̀wọ́n, a tún ti padà sínú àgbàlá tó ṣófo nìyẹn. Itọ́ pàápàá ní DNA kòkòrò ẹnu nínú, wọ́n á sì kà á mọ́ tiyín, nítorí náà ẹ béèrè bóyá 30x tí wọ́n ń pariwo jẹ́ ti DNA yín nìkan.

Èwo ni kí ẹ rà?

Tó bá jẹ́ ẹbí tó sọnù lẹ ń wá, tàbí ẹ kàn fẹ́ mọ ìran yín kí ẹ fi ṣe yẹ̀yẹ́ láàárín ọ̀rẹ́, chip tó yín. Ẹ rà á, kí ẹ sì fi fáìlì tútù rẹ̀ sílẹ̀ ní tútù. Tó bá jẹ́ torí ìlera ni, tí ìyá tàbí àbúrò yín ti ṣàìsàn kan tó ń tẹ̀lé ìdílé, ẹ tọ́jú owó náà títí yóò fi tó ti àkàtán 30x. Tí kò bá níí tó láé, ilé ìwòsàn tó ń ṣàyẹ̀wò jíìnì kan tàbí méjì ní kíkún ṣì sàn ju chip lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi náà ní òun fẹ́ ṣe báyìí. Ó rí ọ̀kan tí owó rẹ̀ dùn, ó ní kí n bá òun bi wọ́n léèrè. Mo kọ̀wé sí wọn: ìlọ́po mélòó ni? Wọ́n fèsì pé gbogbo DNA ni àwọn ń kà. Mo tún kọ ọ́: mo gbọ́, ìlọ́po mélòó? Ọjọ́ mẹ́sàn-án rèé, wọn ò tíì dá wa lóhùn.