Tàdáwà aláràbarà tí mo rọ sínú gègé mi: èwo ló bá ìwé tiwa mu?

Kí n tètè sọ ọ́: èyí tó rẹwà jù nínú gbogbo tàdáwà orí tábìlì mi ni mo ń lò kéré jù. Kon-peki ló ń jẹ́, ọ̀kan lára àwọn tàdáwà Iroshizuku tí iléeṣẹ́ Pilot ilẹ̀ Japan ń ṣe. Ìgò rẹ̀ nìkan tó wò: gíláàsì tó nípọn, tí wọ́n jin kòtò kékeré sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí gègé lè rí èyí tó bá ṣẹ́kù fà. Búlúù rẹ̀ mọ́ gaara. Ibi tí ọwọ́ bá ti lọ́ra á ṣú, ibi tí ọwọ́ bá ti sáré á fúyẹ́. Bẹ́ẹ̀, orí bébà gidi ni mò ń sọ o. Ẹ gbé e lé ìwé olójú-ewé 60 tí à ń rà fún àwọn ọmọ iléèwé ní Kútọ̀, ẹ ó rí i tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń hu irun lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ikùn "a" àti "e" ń dí. Tí ẹ bá wá ṣí ewé náà, ẹ̀yìn rẹ̀ ti di àbàwọ́n kíkì, kò ṣe é kọ nǹkan sí mọ́.

Ohun tó mú mi kọ èyí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń dán tàdáwà wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bébà olówó gọbọi ni wọ́n ń lò, gbogbo àwọ̀ ló sì ń dáa lórí bébà bẹ́ẹ̀. Abẹ́òkúta ni èmi wà. Tíṣà ni mí, èmi náà sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò wa lápá Ọbáńtókò. Ọwọ́ la fi ń kọ ìwé ìpàdé níbẹ̀, torí bàbá alága wa ò gba fóònù gbọ́ rárá. Kí tàdáwà tó wù mí, ó ní láti má tàn ká lórí bébà tálákà, kó má gbẹ mọ́ ẹnu gègé nígbà ọyẹ́, kí omi òjò má sì gbé ìpinnu ẹgbẹ́ lọ.

Gègé Lamy Safari méjì ni mo fi dán wọn wò, ọ̀kan tí ẹnu rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, EF, èkejì tó fẹ̀ díẹ̀, M, pẹ̀lú Jinhao ilẹ̀ Ṣáínà kan tí mo ń rọ tàdáwà tí mi ò bá fọkàn tán sí. Safari dára fún irú nǹkan báyìí. Láti 1980 ni wọ́n ti ń ṣe é ní Jámánì, ẹnu rẹ̀ ṣe é yọ pààrọ̀, ojú fèrèsé kékeré tó wà lára rẹ̀ sì ń jẹ́ kẹ́ ẹ rí bí tàdáwà ṣe kù sí. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé wọn kì í sábà fi pọ́ńpù tí a fi ń fa tàdáwà láti inú ìgò sínú páálí rẹ̀. Z28 lẹ ó béèrè, ẹ ó sì sanwó rẹ̀ lọ́tọ̀. Jinhao tí owó rẹ̀ ò tó nǹkan, tiẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ní ti ẹnu M, kò wúlò fún bébà wa, ẹ má wulẹ̀ rà á.

Quink ti Parker ni àwọn àgbà mọ̀. Láti 1931 ló ti wà, ẹni tí bàbá rẹ̀ bá ṣe kíláàkì rí á ti rí ìgò rẹ̀ lórí tábìlì. Ìgò 57 ml kì í tètè tán, ó ń gbẹ kíá lórí bébà, kì í dí gègé, fífọ̀ rẹ̀ kì í sì í ṣe wàhálà. Dúdú rẹ̀ ni mo ní ẹjọ́ bá rò. Ẹ kán omi ẹyọ kan lé e kẹ́ ẹ dúró wò ó: dúdú náà á tú, búlúù á yà sọ́tọ̀, àwọ̀ amọ̀ á yà sọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ kọ á sì pòórá sáàárín. Àwọn ayàwòrán fẹ́ràn rẹ̀ gan-an nítorí ìyẹn. Àfáà tó ń kọ wàláà náà fẹ́ tàdáwà tó ṣe é fọ̀ kúrò kó lè rí hàǹtú ṣe, ó sì mọ bó ṣe ń po tiẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ hàǹtú nínú ìwé ìpàdé àwọn onílé? Blue-Black ti Quink kan náà tí mo fi kọ ìwé níjelòó, ó ti ń wọ àwọ̀ ewé báyìí.

Pelikan 4001 Blue-Black ló wá gba ipò lọ́wọ́ gbogbo wọn. Tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ rí i, ẹ lè rò pé wọ́n ti fi omi là á. Búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí ló ń bá ẹnu gègé jáde, kò ní ìwúrí kankan. Ẹ ní sùúrù. Kẹ́ ẹ tó dé ìsàlẹ̀ ojú ewé, ìlà àkọ́kọ́ ti ń ṣú. Tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, ó ti di búlúù tó súnmọ́ dúdú. Irin ló wà nínú rẹ̀. Irú tàdáwà yìí ni àwọn ará Yúróòpù fi kọ̀wé fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún: oje kókó tó ń hù lára igi óákù, tí wọ́n pò mọ́ iyọ̀ irin. Tó bá ti kan afẹ́fẹ́, á dúdú, á sì jókòó sínú bébà pátápátá. Mo kọ "Ìpàdé bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́" sórí bébà fọ́tókọ́pì 80 gram, mo jẹ́ kó sùn mọ́jú, mo wá gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ omi. Búlúù ara rẹ̀ ṣàn lọ. Ọ̀rọ̀ náà dúró síbẹ̀ ní àwọ̀ eérú tó ki, kò sí lẹ́tà kan tí mi ò lè kà.

Ìyá aláró kan tó ń ta adìrẹ ní Ìtòkú wà lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ tí mo to gbogbo bébà yẹn sílẹ̀. Wọ́n wo Kon-peki, wọ́n yínmú. "Tíṣà, èyí ò tíì tó o. Ẹ tún un rì." Mo rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí mo wá fi ti Pelikan hàn wọ́n, tó ṣì ń ṣú lọ́wọ́, kò yà wọ́n lẹ́nu rárá: wọ́n ní ṣebí bí aṣọ ṣe ń ṣe náà nìyẹn, tó máa ń jáde nínú ìkòkò aró ní àwọ̀ ewé, tí afẹ́fẹ́ á wá sọ ọ́ di búlúù lójú ẹni. Òótọ́ sì ni, afẹ́fẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì.

Àǹfààní rẹ̀ kejì ni pé kì í ya jáde púpọ̀. Àwọn kan kórìíra ìyẹn, wọ́n ní ó ń fà lórí bébà. Lórí ìwé olójú-ewé 60 wa, ohun tó gbà wá nìyẹn, nítorí tàdáwà tí kò bá pọ̀ ò ní ráyè hu irun. EF tó gbé Pelikan yìí ń kọ ojú méjèèjì ewé láìsí ìjàngbọ̀n. Ẹ má kàn jẹ́ kó gbẹ sínú gègé, kẹ́ ẹ má sì pò ó mọ́ tàdáwà mìíràn, kó má bàa dì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, omi tútù lásán lẹ ó fi fọ̀ ọ́ títí yóò fi mọ́. Píọ̀ wọ́tà ni mò ń lò.

Diamine ni mo fi ń ṣeré. Liverpool ni wọ́n ti ń ṣe é, iléeṣẹ́ náà sì ti wà láti 1864. Ìgò oníke 30 ml wọn dára fún ẹni tó ń dán àwọ̀ wò, torí kò pọn dandan kẹ́ ẹ ra èyí tí ẹ ò ní lò tán. Àbúrò mi tó ń bọ̀ láti ìlú òyìnbó ló bá mi kó wọn wá. Oxblood ni mo fi ń máàkì ìwé àwọn ọmọ. Pupa tó jinlẹ̀ ni, kì í pariwo bíi ti báírò pupa, àwọn ọmọ náà sì ń ka ohun tí mo kọ sílẹ̀ dípò kí wọ́n kàn wá máàkì lọ. Ó ń hu irun díẹ̀, ṣùgbọ́n máàkì ni, kì í ṣe lẹ́tà ìfẹ́. Ó sì ti pa pọ́ńpù mi láró, mi ò rò pé ó tún lè mọ́ mọ́.

Ancient Copper, mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọ̀ bàbà tó ti pẹ́, tó ń pọ́n níbì kan, tó ń ṣú níbòmíràn. Wàhálà rẹ̀ ni pé ó máa ń di èépá sí ẹnu gègé. Ẹ fi sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ẹ ṣí ìdérí, ẹ ó bá nǹkan pupa kan tó gbẹ sí etí irin náà; ẹ nù ún, kò pẹ́ tó tún hù.

Yama-budo ti Iroshizuku, elésè àlùkò ni. Ó wà fún káàdì ọjọ́ ìbí.

Nígbà ọyẹ́ lẹ ó mọ̀ pé ìdérí ṣe pàtàkì. Tí mo bá gbé Safari kalẹ̀ láìdé e, kí n tó dá ọmọ kan lóhùn tán, ìlà àkọ́kọ́ kò ní jáde. Ooru náà ní tirẹ̀: gègé tí tàdáwà rẹ̀ ti kù díẹ̀, tẹ́ ẹ wá fi sápò lórí ọ̀kadà láti Pánṣẹ́kẹ́ dé Ọbáńtókò nínú oòrùn, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á wú, á sì ti tàdáwà jáde sínú ìdérí. Ẹ rọ ọ́ kún, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ kọjú sókè.

Àwọn kan ti bi mí bóyá wọ́n lè rọ tàdáwà sítáàmpù tàbí ti ìtẹ̀wé sí i. Rárá o. Ìlú tí wọ́n ti tẹ Ìwé Ìròyìn ní 1859 nìlú wa, ṣùgbọ́n òróró ni wọ́n fi ń po tàdáwà ìtẹ̀wé, omi sì ni ti gègé. India ink náà, ẹ jìnnà sí i; ohun tó ń jẹ́ kó dán ló máa dí gègé yín pa.

Ẹnì kan tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fi ìgò Pelikan mi kejì ránṣẹ́ láìfún ìdérí rẹ̀ le, ìdajì rẹ̀ ló dé ọ̀dọ̀ mi, èyí tó kù wà lára páálí. Látìgbà náà, mo máa ń ní kí wọ́n fi sẹ́lótéèpù dì í kí wọ́n tó gbé e jáde.

Kon-peki àti Yama-budo mi ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Ẹni tó bá wà ní Abẹ́òkúta tó fẹ́ dán wọn wò kó tó ra odindi ìgò 50 ml, tí owó rẹ̀ ju ti Quink lọ dáadáa, kó mú síríńjì tuntun àti ìgò kékeré tó mọ́ dání, màá fà á fún un. Pelikan nìkan ni ẹ ò ní bá mi pín.