Gíà 23/65 tàbí 22/68? Ohun tí ojú Fẹ́sípà mi rí lẹ́yìn DR 177

Ọjọ́ tí mo mọ̀ pé mo ti ra ohun tí kò yẹ mí, orí Snake Pass ni mo wà, lójú ọ̀nà A57 tó ti Sheffield lọ sí Glossop. Atẹ́gùn ń fẹ́ bọ̀ láti iwájú. Mo wà ní gíà kẹta, ẹ́ńjìnì ń han gooro. Mo bọ́ sí kẹrin, ohùn rẹ̀ já wálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí àgbàlagbà tí wọ́n jí lójú oorun, iyára sì ń jò: máìlì 47, 44, 41. Mo padà sí kẹta, ó tún han gooro. Ọkọ̀ kan tó kó àgùntàn wà lẹ́yìn mi. Awakọ̀ rẹ̀ ò tilẹ̀ fun fèrè, ó kàn ń wò mí ni. Bẹ́ẹ̀ mo ti fi DR 177, sìlíńdà tó fẹ̀ ju ti ilé iṣẹ́ lọ, sọ ẹ́ńjìnì Fẹ́sípà yìí di cc 177 o! Nígbà tó ṣì wà ní 150, bó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá, ibi tí òkè náà ti rọjú díẹ̀ yìí gan-an ló máa ń fi gíà kẹrin rìn jẹ́jẹ́.

Gíà 23/65 tí mo rà (eyín 23 tó ń yí eyín 65) ló fà á, kì í ṣe ẹ́ńjìnì. Ọdún kan ààbọ̀ ni mo fi rìn ín kí n tó gbà bẹ́ẹ̀, mo sì ṣí ẹ́ńjìnì náà sí méjì lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí tábìlì gáréèjì mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré, bóyá kò tilẹ̀ tó ẹ̀ẹ̀kan, ni ì bá tó.

P150X ti ọdún 1982 ni Fẹ́sípà náà. Bàbá mi fi Fẹ́sípà ṣiṣẹ́ tíṣà ní Ìṣẹ́yìn: èmi á dúró níwájú, àbúrò mi á há sáàárín, ìyá wa á fẹ̀gbẹ́ jókòó lẹ́yìn pẹ̀lú báàgì ọjà lórí itan. Nítorí náà nígbà tí mo rí èyí nínú ọgbà ọkùnrin kan níbí, tí koríko ti hù bò ó dé ìdajì táyà, mi ò lè dúnàádúrà bó ṣe yẹ kí n dúnàádúrà. Ó ti lé ní ogójì ọdún, ìjọba ò gba owó ojú ọ̀nà lórí rẹ̀ mọ́. Ìyẹn nìkan ni ohun tó rọ̀ lọ́rùn nínú níní in.

Ẹ́ńjìnì 150 inú rẹ̀, ẹnu sìlíńdà fẹ̀ ní mílímítà 57.8, písítìnì ń rin mílímítà 57 lókè-sódò. DR 177 sọ ẹnu yẹn di 63, ìrìn písítìnì ò yí padà. Irin wúwo ni sìlíńdà náà, kì í ṣe alumíníọ̀mù, kò sì béèrè pé kí ẹ gé ẹnu àpótí ẹ́ńjìnì kó tó wọlé. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan ni mo fi tò ó. Mo fi jẹ́ẹ̀tì tó tóbi sí kábúrétọ̀ Dell'Orto 20/20 tó bá a wá, mo kọ̀wé sí DVLA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ níbí, pé iye cc ti yàtọ̀, mo sọ fún àwọn adójútòfò pẹ̀lú (wọ́n fi owó lé owó, bí ìṣe wọn). Mi ò ní ẹjọ́ kankan láti rò nípa DR. Kì í ṣe ohun tó ń sáré bí ẹtu, ṣùgbọ́n láti ìsàlẹ̀ ló ti ń fa ẹrù, ìyẹn sì ni èmi ń wá.

Wàhálà tó kù ni pé ní máìlì 55, ẹ́ńjìnì ń yí kíkankíkan. Ó dà bíi pé ó ń tọrọ gíà karùn-ún, bẹ́ẹ̀ mẹ́rin ni Ọlọ́run fún un.

Fún ẹni tí kò tíì ṣí ẹ́ńjìnì Fẹ́sípà rí: gíà kékeré kan wà lára kílọ́ọ̀ṣì, òun ló ń yí gíà ńlá kan. Ẹ̀yìn gíà ńlá yìí ni àwọn gíà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí à ń fi ọwọ́ òsì yí wà. Bí ẹ bá pààrọ̀ méjì àkọ́kọ́ yìí, gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Tèmi wá pẹ̀lú eyín 21 lára kílọ́ọ̀ṣì, 68 lára gíà ńlá. Ìyẹn ni pé ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ yí ìgbà 3.24 kí gíà ńlá tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ti PX200, ẹ̀gbọ́n tèmi tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ 200, jẹ́ 23/65, ìgbà 2.83. Bí nọ́ńbà yìí bá ṣe kéré tó ni gíà ṣe gùn tó: ẹ ó sáré púpọ̀ lórí ìyípo díẹ̀, àmọ́ agbára tó ń dé táyà á dínkù.

Gbogbo ẹni tí mo bi léèrè ló ní kí n fi 23/65 sí i. "Gíà 200 ni, á jẹ́ kó mí." Ó bọ́gbọ́n mu létí. Ohun tí kò sí ẹni tó rán mi létí rẹ̀, tí èmi náà ò sì ronú kàn, ni pé ẹnu sìlíńdà PX200 fẹ̀ ní 66.5, kábúrétọ̀ 24/24 ló sì ń fún un jẹ. Ẹ̀wù ẹ̀gbọ́n ni mo gbé wọ àbúrò.

Mo rà á. Gíà 65 ò ṣeé wọ̀ láìpín àpótí ẹ́ńjìnì sí méjì, ẹni tó bá sì ti pín in, kò ní í ṣàìra bíárìn, ọ́ìlì síìlì, gásíkẹ́ẹ̀tì àti sípíríǹgì kéékèèké tó wà nínú ikùn gíà ńlá fúnra rẹ̀. Nígbà tí mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó ju owó sìlíńdà DR lọ. Ní títì tó tẹ́jú, kí n má purọ́, ó dùn. Máìlì 55, ohùn ẹ́ńjìnì ń rọra wá bí ẹni ń kọrin sínú. Mo ti ń ka ara mi sí ọlọ́gbọ́n. Lẹ́yìn náà ni Snake Pass wá ṣẹlẹ̀.

Ó yẹ kí n ti ṣe ìṣirò kí n tó náwó. Mo padà wá ṣe é lẹ́yìn tí omi ti dànù. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára táyà ẹ̀yìn àti sára ilẹ̀, mo jókòó lórí rẹ̀, ọmọ mi tì mí síwájú títí ìlà fi tún kan ilẹ̀. Táyà 3.50-10 mi rin mítà 1.33 nínú yíyí kan. Mo ka eyín inú àpótí: gíà kẹta 17 sí 38, gíà kẹrin 21 sí 35. Mo ra mítà kékeré kan tí wọ́n ń so mọ́ wáyà púlọ́ọ̀gì láti ka ìyípo. Bí ó ṣe rí nìyí: ní ìyípo 1000 ní ìṣẹ́jú kan, 21/68 ń gbé mi ní máìlì 9.2 ní wákàtí kan lórí gíà kẹrin, 23/65 ń gbé mi ní 10.5. Kí n tó lè sá máìlì 55, ti àkọ́kọ́ ń béèrè nǹkan bí ìyípo 5990, ti èkejì 5220.

Ìyàtọ̀ yẹn ò dà bí nǹkan lójú. Ibi tó ti ń pa èèyàn ni àárín gíà kẹta àti ìkẹrin. Bí mo bá fi kẹta sá dé ìyípo 6000 tí mo wá bọ́ sí kẹrin, ìyípo á já sí nǹkan bí 4470. Èyí ò yí padà, ìbáà jẹ́ 21/68 tàbí 23/65, nítorí pé gíà ńlá ò kan àlàfo àárín wọn. Ohun tó yí padà ni iyára tí mo wà lórí rẹ̀ nígbà tí ìyípo já. Pẹ̀lú 21/68, máìlì 41 ni mo wà. Pẹ̀lú 23/65, mo ti wà ní 47. Ìyípo 4470 kan náà, agbára kan náà, ṣùgbọ́n atẹ́gùn máìlì 47 ni wọ́n ní kó tì, pẹ̀lú èmi tí mo sanra, pẹ̀lú òkè. Kò lè ṣe é. Ẹ wo nọ́ńbà tí mo kọ́kọ́ dá lókè: ibi tí iyára ti bẹ̀rẹ̀ sí í jò gan-an nìyẹn.

Dípò kí n yọ 65 kúrò, mo ṣe agídí. Mo gbọ́ pé wọ́n ń ta gíà kẹrin oní-eyín 36, tó kúrú díẹ̀, tó ń mú kẹrin sún mọ́ kẹta. Ẹni tí mo rà á lọ́wọ́ rẹ̀ fi dá mi lójú pé PX ni PX ń jẹ́. Mo ṣí ẹ́ńjìnì lẹ́ẹ̀kejì, mo tò ó dé ìdajì, gíà ò wọlé bó ṣe yẹ. Irin kan wà nínú àpótí tó rí bí àgbélébùú, òun ló ń sún láti mú gíà tí a bá yàn. Ti PX àtijọ́ bíi tèmi tẹ́ pẹrẹsẹ, ti àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀, tí à ń pè ní Lusso, tẹ̀ kọdọrọ, gíà wọn ò sì bára mu. Gíà Lusso ló kó fún mi. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ẹ́ńjìnì fi là sílẹ̀ lórí tábìlì bí ẹja tí wọ́n là fún sísá, ìyàwó mi sì ń béèrè lójoojúmọ́ bóyá gáréèjì náà ṣì jẹ́ tiwa. Owó mi padà wá lẹ́yìn ìwé mẹ́rin. Ẹ ka ọdún Fẹ́sípà yín dáadáa kí ẹ tó sanwó fún gíà èyíkéyìí.

Nígbà tí 36 tó bá a mu dé, ó ran nǹkan lọ́wọ́: kẹta ní ìyípo 6000 ń já sí 4600 dípò 4470. Etí mi gbọ́ ọ, ara mi mọ̀ ọ́n. Snake Pass ò kà á sí. Ẹni tó ní 200 tó ń gbé ilẹ̀ olókè lè rí ìtura tó pọ̀ níbẹ̀. Lára tèmi, ẹ̀gún tó wọlé jinlẹ̀ ni mo ń fi ọwọ́ ra lókè lásán.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dé orí 22/68. Gíà eyín 22 tí DRT ní Ítálì ń ṣe ni mo rà, èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún 68. Ẹ fi "fún 68" yẹn sọ́kàn, nítorí pé àlàfo àárín kílọ́ọ̀ṣì àti gíà ńlá ò ṣeé sún, ìrísí eyín ni wọ́n fi ń bá a mu. Ohun tó dùn mí wọra ni pé gíà yìí ò béèrè pípín ẹ́ńjìnì rárá. Bí ẹ kò bá tíì yọ 68 yín bí èmi ṣe yọ tèmi, ẹ ó yọ táyà ẹ̀yìn, ẹ ó da ọ́ìlì gíà jáde, ẹ ó ṣí ìdérí kílọ́ọ̀ṣì, ẹ ó fi sípánà pàtàkì tú nọ́ọ̀tì eléyín àárín rẹ̀, ẹ ó pààrọ̀ gíà, ẹ ó dá gbogbo rẹ̀ padà, ẹ ó da mílílítà 250 ọ́ìlì SAE 30 tuntun sí i. Ìrọ̀lẹ́ kan. Èmi tún pín tèmi lẹ́ẹ̀kẹta láti dá 68 àti 35 padà sáyè wọn, mo ń bú ara mi bí mo ṣe ń tú u.

22/68 jẹ́ ìgbà 3.09. Ó fi nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún gùn ju ti ilé iṣẹ́ lọ, bẹ́ẹ̀ 23/65 fi ìdá mẹ́rìnlá àti díẹ̀ gùn ju ti ilé iṣẹ́ náà lọ. Ní máìlì 55 mo wà ní ìyípo 5710. Bí mo bá bọ́ sí kẹrin láti 6000, máìlì 43 ni mo wà, DR sì mọ bí wọ́n ṣe ń ti ẹrù láti ibẹ̀. Ibi tí awakọ̀ àgùntàn ti ń wò mí lórí Snake Pass, mo fi kẹrin kọjá rẹ̀ ní máìlì 46, atẹ́gùn wà níbẹ̀. Nínú oṣù kẹjọ mo gùn ún lọ sí Portsmouth, ó lé ní igba máìlì, mo wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Isle of Wight fún àpéjọ àwọn oní-Fẹ́sípà àti Lambretta tó máa ń wáyé nígbà ìsinmi ìparí oṣù náà. Níbi tí títì tẹ́jú, mo rántí 23/65 pẹ̀lú ẹ̀dùn díẹ̀, mi ò ní í purọ́. Nígbà tí òkè kan bá ti yọjú, ẹ̀dùn náà á tán.

Ó ní àléébù tirẹ̀. Gíà tuntun náà ń súfèé wẹ́rẹ́ ní gíà kejì, ó sì gba nǹkan bí ẹgbẹ̀rin máìlì kó tó rọlẹ̀. Bí ẹni méjì bá gùn ún nígboro, 21 tó bá a wá ṣì dára jù ú lọ ní ìdúró àti ìgbéra iná pupa, mo sì rò pé ẹni tí kì í jáde kúrò nígboro kò nílò láti ná kọ́bọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Polini 177, sìlíńdà ilé iṣẹ́ mìíràn, pẹ̀lú kábúrétọ̀ 24 àti sálẹ́ńsà ńlá, 23/65 ló ń lò, ó sì ń fà á láìṣàárẹ̀. Ẹ́ńjìnì tirẹ̀ lágbára lókè ìyípo. Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀, ìyẹn náà ni mo sì sanwó láti kọ́.

Ohun kan ṣì kù nípa oṣù tí mo fi wakọ̀ pẹ̀lú 23/65. Ẹ́ńjìnì tí ẹ bá ń fi ọwọ́ epo gbooro fipá mú lórí ìyípo kékeré máa ń gbóná. Nígbà tí mo tú sìlíńdà lẹ́yìn oṣù náà, ojú písítìnì ti ní ìlà mẹ́rin gbọọrọ níhà sálẹ́ńsà, wọ́n hàn, àmọ́ èékánná ò tíì ha mọ́ wọn. Mo fi sáńpépà fínfín pa wọ́n rẹ́, mo sì dá a padà. Láti ìgbà tí 22 ti wọlé, mo ti tún wò ó lẹ́ẹ̀kan. Wọn ò pọ̀ sí i.