Kíbọ́ọ̀dù wo ló yẹ ẹni tó ń tẹ Yorùbá? Ìfiwéra fún àwọn olùrà ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Kíbọ́ọ̀dù kì í fi lẹ́tà ránṣẹ́. Nọ́ńbà bọ́tìnì tí ọwọ́ tẹ̀ ló ń fi ránṣẹ́, kọ̀ǹpútà ló sì ń pinnu bóyá "e" tàbí "ẹ" ni yóò jáde. Ẹni tó ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú ní Ìjẹ̀bú-Òde, tàbí ìwé ìpè ẹgbẹ́ fún Ojúde Ọba, tí "ọkọ" kò gbọdọ̀ di "ọkọ̀" mọ́ ọn lọ́wọ́, nǹkan méjì ló máa tò: ètò lẹ́tà inú kọ̀ǹpútà, àti kíbọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀.

Kíbọ́ọ̀dù onírọ́bà kò wọ́n, ètò Yorùbá inú Windows sì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí olówó ńlá. Bó bá jẹ́ ojú ìwé méjì lọ́sẹ̀ lẹ ń tẹ̀, ẹ má náwó ju ìyẹn lọ. Àmọ́ bí rọ́bà abẹ́ bọ́tìnì kan bá kú, ó di kí ẹ ra òmíràn.

Onímẹkáníkà, èyí tí bọ́tìnì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀rọ kékeré tirẹ̀ lábẹ́ (switch), tí switch náà sì ṣe é fà yọ (hot-swap), ló yẹ ilé ìtẹ̀wé. Èyí tó bàjẹ́ nìkan lẹ máa pààrọ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá ó ń gba ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní VIA: òun ló ń jẹ́ kí ẹ gbé bọ́tìnì láti ibì kan sí ibòmíràn, inú kíbọ́ọ̀dù náà ló sì ń pa á mọ́ sí, ì báà ṣe Ṣàgámù tàbí Àgọ́-Ìwòyè lẹ gbé e lọ. Ẹ má ra oníbọ́tìnì 61. Kò ní bọ́tìnì ọfà, ó sì máa ń ni ẹni tó ń tún àṣìṣe ṣe lára. Oníbọ́tìnì 68 tó, 87 tún dáa sí i. Ibi tó ti ń bàjẹ́ jù ni ìgbà tí a bá ń ti switch wọlé: ẹsẹ̀ bàbà rẹ̀ á tẹ̀, bọ́tìnì náà kò sì ní dáhùn. Ẹ na ẹsẹ̀ náà tọ́, kí ẹ sì fi ìka ti abẹ́ pátákó tí switch ń wọ̀ (PCB), àìjẹ́bẹ́ẹ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì á ṣí kúrò. Bí switch bá ní ẹsẹ̀ márùn-ún tí pátákó sì ní àyè fún mẹ́ta, ẹ gé ẹsẹ̀ oníke méjì nìkan.

Èyí tí a fi lẹ́ẹ̀dì jó pọ̀ fúnra ẹni máa ń le dáadáa, àtúnṣe rẹ̀ ló ṣòro. Ẹ fi áyọ́ọ̀nù tí a fi ń jó lẹ́ẹ̀dì sí nǹkan bí 350°C, ìṣẹ́jú àáyá méjì tàbí mẹ́ta péré, tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ bàbà pátákó á bó. Bó bá jẹ́ wáyà lẹ fẹ́ fà dípò pátákó, switch kọ̀ọ̀kan gba díódù 1N4148 kan (ohun tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo), kí ìlà dúdú gbogbo wọn kọjú síbì kan náà. Èyí tó bá kọ ẹ̀yìn, bọ́tìnì rẹ̀ kò ní sọ̀rọ̀.

Ètò lẹ́tà ló wá kù. Microsoft Keyboard Layout Creator, ohun èlò tí a fi ń tò ó fún Windows, wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ fi ẹ, ọ, ṣ sí AltGr (Alt ọwọ́ ọ̀tún) pẹ̀lú E, O, S. Àmì ohùn la ń lò jù, nítorí náà ẹ má fi í pamọ́ sábẹ́ AltGr: [ fún ohùn ìsàlẹ̀ (nọ́ńbà àmì rẹ̀ ní kọ̀ǹpútà ni U+0300), ] fún ti òkè (U+0301). Lẹ́tà ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀, kí àmì tẹ̀ lé e. "Dead key" Windows (bọ́tìnì àmì tí a ń tẹ̀ ṣáájú lẹ́tà) kò lè bí ju nọ́ńbà kan lọ, bẹ́ẹ̀ "ẹ́" jẹ́ méjì, U+1EB9 àti U+0301. Àwọn kan máa ń sọ Q di ẹ; ẹni tó ń tẹ ìbéèrè ìdánwò lédè Gẹ̀ẹ́sì á kábàámọ̀ rẹ̀ nígbà tó bá kan "question".

Kí ẹ tó kúrò ní ìsọ̀, ẹ tẹ Enter, Backspace, Shift àti bọ́tìnì àyè ní ọ̀tún àti ní òsì. Wáyà kan wà lábẹ́ wọn tó ń mú wọn dúró déédéé. Bó bá ń mì pẹkẹpẹkẹ, tàbí tí ẹ̀gbẹ́ kan há, ẹ gba òmíràn.