Framework tàbí ThinkPad tòkunbọ̀: èwo ni kí ẹ rà bí ẹ bá ń gbé Abẹ́òkúta?

Ẹni mẹ́ta ló ti bi mí lóṣù yìí nìkan: ṣé kí àwọn wá owó Framework, láptọ́ọ̀pù tí ẹni tó ni ín lè fọwọ́ ara rẹ̀ tú, tí mo ń lò ni, àbí kí àwọn ra láptọ́ọ̀pù ThinkPad T480 tòkunbọ̀ irú ti àbúrò mi? Ṣọ́ọ̀bù kan náà ni èmi àti àbúrò mi jọ ń lò ní Camp, a ń tẹ project fún àwọn ọmọ FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà níbí. Eruku kan náà ni ẹ̀rọ méjèèjì ń jẹ, iná mọ̀nàmọ́ná kan náà ló sì ń dààmú wọn. Tèmi ti wà lọ́wọ́ mi láti 2022, tirẹ̀ dé ní 2023.

Ẹ jẹ́ ká ti orí owó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Framework jáde ní 2021, $749 ni iye tó kéré jù fún èyí tí ẹni tó rà á máa fọwọ́ ara rẹ̀ tò, láìsí RAM (ìrántí ẹ̀rọ), láìsí SSD (ibi tí ẹ̀rọ ń kó fáìlì pamọ́ sí), láìsí ṣájà. Nàìjíríà kò sí lára ibi tí wọ́n ń fi ọjà ránṣẹ́ sí nígbà tí mo ń ra tèmi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Kánádà ló rà á, ó sì fi báàgì ọwọ́ gbé e wálé nígbà Kérésì. Ní ti T480, ẹ ó wọ Panseke, ẹ ó ná an, ẹ ó sì gbé e relé lọ́jọ́ náà. Owó tí àbúrò mi fi ra tirẹ̀ kò tó ìdajì tèmi. Bó bá jẹ́ owó nìkan lẹ ń wò, ẹ má wulẹ̀ kà á mọ́, ẹ lọ ra T480.

Bó bá jẹ́ ti títúnṣe lẹ ń rò, ẹ gbọ́ èyí. Ní oṣù kẹwàá 2023, mo fi ìgbọ̀nwọ́ gbá ife ògì, gbogbo rẹ̀ sì dà sórí kíbọ́ọ̀dù mi. Mo pa ẹ̀rọ, mo fa ṣájà yọ, mo dojú rẹ̀ dé sórí tówẹ̀lì. Síkúrù márùn-ún péré ló wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọn kì í sì í já bọ́ bí ẹ bá tú wọn, ńṣe ni wọ́n máa ń dẹ̀ sí ojú ihò wọn. Irin tí a fi ń tú wọn bá a wá nínú páálí. Mágínẹ́ẹ̀tì ló di ìbòrí kíbọ́ọ̀dù mú. Mo gbé e sókè díẹ̀, mo yọ okùn pẹlẹbẹ kan ṣoṣo tó so ó mọ́ bọ́ọ̀dù (pátákó inú tó gbé ọpọlọ ẹ̀rọ dání), ó sì bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ara àwọn ẹ̀yà inú ni wọ́n lẹ àmì QR mọ́: ẹ fi fóònù yà á, àlàyé bí ẹ ṣe máa pààrọ̀ rẹ̀ á ṣí. Gbogbo rẹ̀ kò gbà mí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Òórùn ògì kíkan yẹn nìkan ni kò tètè lọ.

Ṣùgbọ́n níbo ni màá ti rí òmíràn? Wọ́n ń ta kíbọ́ọ̀dù nìkan, ó sì dínwó, àmọ́ síkúrù tó dì í mú pọ̀ rẹpẹtẹ, wọn kò sì ju hóró yànmọ̀tí lọ. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi ra odidi ìbòrí náà. Láti oṣù kẹwàá títí Kérésì fi dé, kíbọ́ọ̀dù USB olówó pọ́ọ́kú ni mo gbé síwájú láptọ́ọ̀pù tí mo fi ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo dúró dè é fún oṣù méjì àti ààbọ̀.

Kí ẹ má baà rò pé èmi nìkan lọwọ́ mi wúwo, àbúrò mi náà da mínírà sórí tirẹ̀. T480 ṣòro tú ju tèmi lọ. Ìbòrí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní eyín ike tó máa kán bí ẹ bá fi ìkánjú fà á. Ó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ní aago mẹ́wàá, ó gba Panseke lọ láti pààrọ̀ kíbọ́ọ̀dù. Kó tó di aago mẹ́ta, ó ti ń tẹ iṣẹ́ padà. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé iFixit, àwọn tó ń tú ẹ̀rọ wò kí wọ́n tó fún un ní máàkì, fún Framework ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá lórí ìtúnṣe, òótọ́ ni. Ẹ kàn bi í pé ta ló máa gbé ẹ̀yà rẹ̀ dé Abẹ́òkúta.

Ojú ihò ṣájà ni tèmi ti yege jù. Ẹ mọ bí a ṣe ń fa ṣájà yọ, tí a ń tì í bọ̀ ọ́, ìgbà mélòó lójúmọ́. Lára Framework, káàdì kékeré kan tó ń yọ jáde bí àpò ìṣáná ló ń gba gbogbo ìyà yẹn. Mẹ́rin ló ń wọ ara rẹ̀, ẹ lè sọ ọ̀kan di USB, kí ẹ sọ èkejì di HDMI. Bí ọ̀kan bá jẹ, ẹ yọ ọ́, ẹ fi òmíràn sí i. Ti T480, ara bọ́ọ̀dù ni wọ́n jó ihò USB-C rẹ̀ mọ́. Bó bá bàjẹ́, ẹni tó mọ irin ìjólẹ́ẹ̀dì lò dáadáa lẹ máa wá.

Ní ti bátìrì, T480 lu tèmi mọ́lẹ̀. Ọ̀kan wà nínú, ọ̀kan wà lẹ́yìn tó ṣeé yọ láìpa ẹ̀rọ, nítorí náà àbúrò mi máa ń fi iná kún òmíràn pamọ́ de ìgbà tí wọ́n bá múná lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú. Èyí tó kọ́kọ́ rà, 72Wh ni wọ́n kọ sára rẹ̀ (Wh ni a fi ń wọn iye iná tí bátìrì ń gbà), wákàtí kan ni kò lò pé. Tèmi jẹ́ 55Wh, inú ló sì wà. Àwọn tó ṣe é ti gbé 61Wh jáde tó wọ ara ti àtijọ́.

Ojú Framework ga ju ti T480 lọ, ojú ìwé project hàn dáadáa. Ó tán.

Lẹ́yìn náà ni bọ́ọ̀dù. Ní ìparí 2024, mo yọ ti Intel tó bá ẹ̀rọ mi wá, mo fi AMD Ryzen 7040 tó jáde ní 2023 sínú ara kan náà, ó wọ̀ ọ́ wẹ́kú. Ohun tí mi ò rò tẹ́lẹ̀ ni pé RAM DDR4 mi kò bá a mu, DDR5 ló ń jẹ, mo sì tún náwó. Owó dọ́là sì ni. Láti oṣù kẹfà 2023 tí wọ́n ti fi náírà sílẹ̀ fún ọjà, gbogbo ẹ̀yà Framework ti di ohun tí à ń ronú sí lẹ́ẹ̀mejì. Bọ́ọ̀dù àtijọ́ kò ṣòfò ṣá. Káfíńtà kan àpótí pẹlẹbẹ fún un, mo so ṣájà USB-C mọ́ ọn láìsí bátìrì, òun ló ń bá wa gbé iṣẹ́ lọ sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. T480 kò lè ṣe irú èyí. RAM àti SSD rẹ̀ ṣeé pààrọ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ọpọlọ rẹ̀ wà ní 2018 náà ló máa wà.

Bó bá jẹ́ T480 lẹ yàn, kí ẹ tó sanwó, ẹ wo nọ́ńbà tó tẹ̀lé i5 nínú orúkọ ọpọlọ rẹ̀, kó jẹ́ 8 ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọ́n máa ń to T470 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Windows 11 kò sì gba ìyẹn. Microsoft sì ti ṣíwọ́ àtìlẹ́yìn fún Windows 10 tó ń lò ní October 14, 2025. Ẹ bi wọ́n bóyá ojú rẹ̀ jẹ́ 1920x1080, nítorí 1366x768 tí kò mọ́lójú tó bẹ́ẹ̀ kún ọjà. Ẹ tẹ F1 bó bá ti ń tàn: bó bá béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹni tó ń tà á kò mọ̀, ẹ gbé e fún un padà, yíyọ bátìrì kò lè pa á rẹ́. Ẹ ṣí Command Prompt (ibi tí a ń kọ àṣẹ sí nínú Windows), ẹ tẹ powercfg /batteryreport, ẹ ṣí fáìlì tó bá gbé jáde, kí ẹ wo iye tí bátìrì ń gbà báyìí sí iye tó ń gbà nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun.

Bó bá jẹ́ Framework, ẹ kọ́kọ́ pe ẹni yín tó wà lókè òkun, kí ẹ bi í ìgbà tó ń bọ̀ wálé. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun kò ní lè wá lọ́dún yìí. Mo ti ra kíbọ́ọ̀dù USB mìíràn pamọ́.