Ẹ ṣọ́ra fún fàdákà Rọ́ṣíà tó ní àmì ọba lára

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń lọ wá fàdákà àtijọ́ ní ọjà Portobello Road ní London láàárọ̀ Sátidé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró gbọ́ tèmi kẹ́ ẹ tó tún kówó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì £640. Ohun tó dùn mí ju owó lọ ni pé mo ti ń pe ara mi ní ẹni tójú ẹ̀ là sí ọjà yìí.

Àpótí sìgá fàdákà ni mo rà, irú èyí táwọn ọkùnrin ń fi sápò kóòtù láyé ijọ́un. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó wúwo dáadáa, ó sì ń dún pẹ́kẹ́ bó bá pa dé. Wọ́n fín adé sórí ìdérí rẹ̀, wọ́n wá fín Н àti II sábẹ́ adé. Н tàwọn ará Rọ́ṣíà ni N tiwa, àmì Ọba Nicholas Kejì sì nìyẹn. Nínú ìdérí, wọ́n kọ orúkọ ọkùnrin kan, Федор Петров (Fyodor Petrov), àti ọdún 1896. Ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu oníṣòwò náà bí oyin. Ó ní ọba fúnra rẹ̀ ló fi ta ọmọ ogun kan lọ́rẹ nígbà ìwúyè rẹ̀ ní Moscow. Ní ti ìwúyè, kò purọ́: oṣù Karùn-ún 1896 ni wọ́n dé Nicholas ládé, Moscow náà sì ni. Òótọ́ yẹn ló fi gbé irọ́ tó kù wọlé.

Ẹ má rò pé mi ò yẹ òǹtẹ̀ tí wọ́n lù sára fàdákà náà wò o. Mo rí 84. Ní Rọ́ṣíà ayé ọjọ́un, 96 ni wọ́n ń ka fàdákà tí kò ní àbùlà sí, torí náà 84 jẹ́ 875 nínú 1000. Mo rí orí obìnrin tó dé kokoshnik, fìlà ìbílẹ̀ àwọn obìnrin wọn. Alájọtà kan nísàlẹ̀ ọjà tún bá mi wò ó, ó ní ojúlówó òǹtẹ̀ ni. Kò parọ́. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti mú mi. Ti fàdákà ni òǹtẹ̀ ń sọ, kì í bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ lẹ́tà tí wọ́n fín sí i. Òǹtẹ̀ ti wà lára rẹ̀ kó tó kúrò lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ lọ sọ́jà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ní irinṣẹ́ lè fín lẹ́tà sí i lánàá.

Òǹtẹ̀ ọ̀hún tiẹ̀ ti tú wọn láṣìírí, èmi ni mi ò gbọ́ ohun tó ń wí. Orí obìnrin yẹn kọjú sí ọ̀tún, lẹ́tà Δ ti Gíríìkì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyẹn Moscow. Èyí tó kọjú sí ọ̀tún, 1908 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Èyí tó ṣáájú rẹ̀, òsì ló ń wò. Báwo lọba ṣe fẹ́ fi ohun tí wọn ò tíì rọ ta èèyàn lọ́rẹ?

Obìnrin ará Rọ́ṣíà kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ló là mí lójú. Mo gbé e lọ fi yangàn fún un ni. Ó ka orúkọ inú rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ilé ìwé òde òní lẹni tó fín èyí lọ. Kí wọ́n tó tún àkọtọ́ wọn ṣe ní 1918, orúkọ tó bá fi kọ́ńsónáǹtì parí máa ń ní ъ nídìí. Fyodor pàápàá kì í fi Ф bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, Ѳ ni, bí O tí wọ́n fa ìlà gba inú rẹ̀ kọjá. Ѳедоръ Петровъ ló yẹ kó wà níbẹ̀. Àfi bíi kẹ́nì kan gbé ìwé wá, kó ní bàbá ńlá òun ló kọ ọ́ l'Ábẹ́òkúta ní 1896, kẹ́ ẹ wá ṣí i, kẹ́ ẹ bá “ayé” àti “ènìyàn” níbi tó yẹ kí “aiye” àti “enia” wà.

Mo délé, mo gbé awò tó ń mú nǹkan tóbi lé e. Owó ẹyọ àti kọ́kọ́rọ́ inú àpò ti ha ìdérí náà jálẹ̀, bó ṣe yẹ ohun tó pẹ́. Ká ní lẹ́tà náà ti wà níbẹ̀ látìgbà yẹn, etí rẹ̀ á ti jẹ, á sì ti kúnná. Etí tèmi mú bí abẹ. Mo fi òwú nù ún, òwú há. Mo fi omi ọṣẹ lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ̀ ọ́, dúdú inú lẹ́tà bọ́ dà sínú omi bí ìpara bàtà. Mo wá fi àtàǹpàkò tẹ àárín ìdérí. Ó rọ̀ wọnú díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ò sì rọ̀ rárá. Àárín yẹn ti fẹ́lẹ́ ni: wọ́n ti ha lẹ́tà ẹni tó kọ́kọ́ ni ín kúrò kí wọ́n tó fín tọba sójú ibẹ̀. Èyí ká mi lára o. Ẹnì kan ló fi orúkọ ara rẹ̀ sára ohun ìní rẹ̀, wọ́n sì pa á rẹ́ nítorí owó.

Alájọtà yẹn ní ká ní kò sí lẹ́tà ọba, nǹkan bíi £200 ni òun ì bá tà á. Ẹ rí ohun tí mo fi £440 tó lé lórí ẹ̀ rà.

Kì í ṣe tọba nìkan ni wọ́n ń fín. Adé àwọn olóyè náà ń gbé owó lé ọjà. Adé graf, oyè ńlá kan ní Rọ́ṣíà, péálì mẹ́sàn-án ló ń wà lórí rẹ̀. Mo ti rí ṣíbí tí wọ́n ní ti graf ni, mo kà á, mẹ́jọ. Ẹ má jẹ́ ká dá ọ̀rọ̀ Fabergé, alágbẹ̀dẹ olówó iyebíye ilẹ̀ Rọ́ṣíà, sílẹ̀ rárá, ayédèrú iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ débi táwọn oníṣòwò fi sọ ọ́ ní Fauxbergé (“faux” ni ayédèrú lédè Faransé).

Mo padà lọ bá oníṣòwò tó tà á fún mi. Ó ní kí n wo rìsíìtì mi. “Àpótí fàdákà” nìkan ló kọ síbẹ̀ lóòótọ́, ẹnu lásán ló fi sọ ìtàn ọba. Òfin oníbàárà ti 2015 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà wá láàyè láti dá ọjà padà láàárín 30 ọjọ́ bí kò bá bá bí oníṣòwò ṣe júwe rẹ̀ mu, àmọ́ níbo ni mo ti fẹ́ rí ẹ̀rí ìjúwe? Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú rìsíìtì: ìlú, ọdún, àti pé àtìgbà tí wọ́n ti rọ ọ́ ni lẹ́tà ti wà lára rẹ̀. Bó bá ń tẹnu mọ́ ọn pé kò sídìí fún kíkọ, ẹ rọra gbé ọjà rẹ̀ kalẹ̀.

Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ níbí. Ṣùgbọ́n mo gba ìdí ìsọ̀ rẹ̀ kọjá lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí ṣíbí mẹ́fà nínú páálí aláwọ̀ búlúù, £480, Н II lára gbogbo wọn. Ẹsẹ̀ òsì Н náà tẹ̀ sínú díẹ̀ bíi tèmi gẹ́lẹ́, ọwọ́ kan náà ló fín wọn. Ẹni tó bá ti ní Н ẹlẹ́sẹ̀ títẹ̀ yìí nílé, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ nítòsí, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi.