Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń ta "abọ́lọ́rùn" ní Ọjọ́ọ́: ṣe ló ń tu ìyẹ́ ọrùn wọn!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin adìẹ ìbílẹ̀ ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan wà tó ń polówó adìẹ abọ́lọ́rùn, ìyẹn adìẹ tí ìyẹ́ kì í hù lọ́rùn rẹ̀, lórí WhatsApp, tó ń pàdé oníbàárà ní Ọjọ́ọ́. Kì í ṣe abọ́lọ́rùn ló ń tà. Adìẹ lásán ló ń mú, á tu ìyẹ́ ọrùn rẹ̀, á wá tà á fún wa lówó gọbọi. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ó ń tu ú láàyè!

Àgbébọ̀ 15 àti àkùkọ méjì ni mo rà. ₦9,000 ni àgbébọ̀ kan, ₦12,000 ni àkùkọ kan. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀, ₦159,000. Owó àjọ mi ni o. Mo ní oko kékeré kan lọ́nà Mọ́níyà, mo fẹ́ kí n máa rí ẹyin jẹ kí n sì rí tà, kí àwọn akọ tí wọ́n bá pa sì di ẹran ọdún. Ẹni tó bá mọ adìẹ á mọ ìdí tí mo fi fẹ́ abọ́lọ́rùn. Ìyẹ́ ara rẹ̀ fi nǹkan bí 20 sí 40 nínú 100 dín sí ti adìẹ yòókù, ooru kì í tètè mú un. Nígbà tí broiler bá ń mí hẹlẹhẹlẹ nínú òòrùn oṣù kẹta, òun á ṣì máa jẹ̀ kiri.

Ọkùnrin yìí mọ ọ̀rọ̀ sọ. "Màmá mi, láti ọ̀dọ̀ bàbá bàbá wa la ti ń sìn wọ́n." Mo ní mo fẹ́ wá wo oko, ó ní ọ̀nà Ìsẹ́yìn lòun wà, pé òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, kí n dúró ní Ọjọ́ọ́ kí òun kó wọn wá. Aago méje àbọ̀ alẹ́ ló tó yọjú. Ó kó wọn sínú àgò, ó fi àpò bò ó. Mo tan iná fóònù sí wọn, mo rí ọrùn pupa tó ń dán. Inú mi dùn. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Ṣé kí n máa tú ọrùn adìẹ wò ní títì, tí àwọn ọlọ́kadà ń fọn fèrè lé mi lórí? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé ó yẹ kí n ti fura, bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ máa sanwó.

Ilẹ̀ mọ́, mo rí àmì ẹ̀jẹ̀ tóótòòtó lọ́rùn àwọn kan. Mo pè é, ó ní wọ́n ṣá ara wọn nínú àgò ni. Ni mo bá ń fi àdín pa á fún wọn láàárọ̀ lálẹ́. Ọgbẹ́ tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ dá sí wọn lọ́rùn, èmi ni mò ń fi àdín pa á!

Kò pẹ́, nǹkan dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́rùn wọn bí orí abẹ́rẹ́. Ó ní òtútù ló fà á, pé tí òjò bá dá, á gbọ̀n dànù. Àwọn kan ti ń sàba nígbà yẹn, mo ní kí n dúró wo ọmọ, torí láti inú ẹyin ni ọmọ abọ́lọ́rùn ti ń gbé ọrùn híhòòhò jáde. Ọjọ́ 21 pé, wọ́n pa. Mo ń gbé wọn sórí àtẹ́lẹwọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Irun bo ọrùn èyí. Irun bo ọrùn ìyẹn. Gbogbo wọn pátá! Bó bá jẹ́ pé àkùkọ méjèèjì yẹn jẹ́ abọ́lọ́rùn lóòótọ́, ó kéré tán, nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ ni ì bá jáde pẹ̀lú ọrùn híhòòhò, torí àbùdá ọrùn híhòòhò lágbára nínú ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí màá fi wo àwọn ìyá wọn, ìyẹ́ ti kún ọrùn wọn dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Adìẹ tí mo lè rà ní Bódìjà láìsan iye yẹn!

Mo pè é. Ẹ mọ ohun tó sọ? "Màmá, ẹ̀yin lẹ ò mọ̀ ọ́n sìn." Èmi! Èmi tí mo ti ń dé adìẹ mọ́ àgò lọ́dọ̀ ìyá mi àgbà láti kékeré! Ó já fóònù mọ́ mi létí, ó sì dínà mọ́ nọ́ńbà mi. Lórí gbogbo rẹ̀, àwọn àgbébọ̀ mi àtijọ́ tí mo kó wọn pọ̀ mọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìgbẹ́ aláwọ̀ ewé, ọrùn ń lọ́ wọn. Lùkúlùkú, àrùn adìẹ tó máa ń ràn, kó èyí tó pọ̀ jù nínú wọn lọ.

Mi ò gba oníṣòwò adìẹ kankan gbọ́ mọ́. Àwọn kan ń ta layer tó ti gbó bí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ yé, àwọn kan ń ta akọ layer bíi Noiler, adìẹ tí wọ́n ń sìn fún ẹran àti ẹyin, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ẹ má sọ fún mi pé olóòótọ́ wà, ẹ mú un wá kí n rí i.

Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ rà á, ọ̀sán gangan ni kí ẹ lọ, nínú oko rẹ̀. Ẹ fọwọ́ na awọ ọrùn rẹ̀: èyí tí wọ́n tu, ẹ ó rí ihò ìyẹ́ tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ẹ wo abẹ́ apá àti itan náà, ìyẹ́ ibẹ̀ kì í pọ̀ lára abọ́lọ́rùn. Ìdì ìyẹ́ kékeré níwájú ọrùn kò burú, àdàlù ni, èyí tí abọ́lọ́rùn àti adìẹ lásán jọ bí. Ẹ ní kó fi ọmọ wọn hàn yín. Tẹ́ ẹ bá gbé wọn délé, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán, kí dókítà ẹran sì wò wọ́n. Ilé ìwòsàn ẹran wà ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Ó ti yí nọ́ńbà padà o, ọjà náà ló ṣì ń tà. Ẹni tó bá ra abọ́lọ́rùn ní Ọjọ́ọ́ láìpẹ́ yìí, kó lọ wo ọrùn wọn lónìí. Tí nǹkan dúdú bá ti ń yọ níbẹ̀, ẹ kọ̀wé sí mi, kí a jọ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Èmi nìkan ti lọ, wọ́n ní ọ̀rọ̀ adìẹ kò tó ohun tí àwọn ń kọ sílẹ̀.